Ìwà Pẹ̀lẹ́ Tó Ń Ta Ilẹ̀

Ìwé tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kan fi ránṣẹ́ jẹ́ ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ravdná, obìnrin darandaran kan, kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí kì í bínú sí ohun tí kò bá kà. Ojú ewé kọkànléláàádọ́rin ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀mọ̀wé méjì fi ọjọ́ mẹ́ta rin àfonífojì tí àwọn Ravdná ti ń da ẹran já, wọn kò sì rí àmì kankan pé ènìyàn ń lò ó.

“Wọn ò rí àmì,” ó wí fún Issát àbúrò rẹ̀ nínú mọ́tò, bí wọ́n ti ń lọ sí ìpàdé. “Ta ló kọ́ wa pé ká má fi àmì sílẹ̀?”

“Bàbá wa ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Bàbá wọn kì í jẹ́ kí wọ́n kúrò ní ibùdó láìtú eérú ká, láìkó èèkàn àgọ́. Ọmọ tó bá gbàgbé, á bi í léèrè bóyá hòtẹ́ẹ̀lì ló rò pé òun sùn. Ìmọ́tótó yẹn ni wọ́n wá kà sí wọn lọ́rùn. Miessevággi, Àfonífojì Ọmọ Àgbọ̀nrín, ni àwọn Sámi, ẹ̀yà tó ń da àgbọ̀nrín ní àríwá Nọ́wè, ń pe ibẹ̀. Tomdal ló wà nínú máàpù ìjọba, ìyẹn Àfonífojì Òfìfo. Ìgbà òtútù ni ẹni tó ya máàpù náà débẹ̀, nígbà tí agbo àgbọ̀nrín wọn wà níbòmíràn. Ó dà bí àlejò tó dé nígbà tí wọ́n wà lóko, tó wá kọ ọ́ sára ògiri ilé wọn pé kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀.

Synne ló jókòó sẹ́yìn. Ọmọ Oslo, olú ìlú Nọ́wè ní gúúsù, ni, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ìlú wọn fún ọdún mẹ́ta, ó sì ti gbọ́ Sámi débi tó lè bá wọn jà.

“Àǹtí Ravdná, mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ fún wọn. Ojú ewé mẹ́ta.”

“Lórí kí ni?”

“Lórí bí ẹ̀yin àti ilẹ̀ ṣe jẹ́ ọ̀kan náà.”

“Èmi àti ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ilẹ̀ kì í ra epo sí alùpùpù.” Issát rẹ́rìn-ín. Ravdná kò rẹ́rìn-ín. “Iṣẹ́ ni mò ń ṣe níbẹ̀. Tó o bá lọ sọ fún wọn pé igi ni mí, bí igi ni wọ́n á ṣe gé mi.”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Jókòó, kó o gbọ́. Tí iṣẹ́ bá wà, màá rán ọ.”

Synne ká ìwé rẹ̀, ó fi í sábẹ́ itan.

Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Darandaran mọ́kànlá, Ravdná àti Issát wà lára wọn, Synne, ọkùnrin méjì láti ilé iṣẹ́ náà, àti Gunnvor, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá láti gúúsù pẹ̀lú àkàrà òyìnbó nínú páànù. Gunnvor kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn, ó ń bu kọfí fún wọn.

Ohun tó wà nílẹ̀ kò ta kókó. Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ ri òpó alábẹ̀bẹ̀ mọ́kàndínlógójì mọ́ Miessevággi kí afẹ́fẹ́ máa yí wọn fún iná mànàmáná. Òfin ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àwọn darandaran sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, òpin oṣù kẹrin yìí sì ni àṣẹ wọn yóò kú. Bí ìpàdé bá parí lónìí, katakata á wọlé lọ́la, abo àgbọ̀nrín tó ti lóyún á sì sá síbi tí yìnyín kò tíì yọ́, á bímọ sínú òtútù, ọmọ náà á kú. Bí ìpàdé kò bá parí, wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé.

Ènìyàn mẹ́ta péré ni kò gbọ́ Sámi nínú gbọ̀ngàn yẹn, síbẹ̀ èdè Nọ́wè ni gbogbo wọn ń sọ. Kò sẹ́ni tó pa á láṣẹ. Bí ìyá wọn ṣe kọ́ wọn ni: ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbọ́ bá wọlé, gbogbo ilé á yí èdè padà, kí àlejò má baà dà bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

Ravdná dìde. Nọ́wè rẹ̀ dán bí àwo. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn abo ti ń bímọ, pé nínú oṣù karùn-ún kì í sí ẹni tó ń pariwo níbẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni Gunnvor ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, tí ọ̀rọ̀ náà ń jáde lára ògiri níwájú gbogbo wọn. Ó wá dé orí bievla. Bievla ni ibi tí yìnyín ti kọ́kọ́ yọ́ nígbà tí gbogbo ayé ṣì funfun, tí ewéko yọrí, tí ìyá àgbọ̀nrín á ti rí oúnjẹ tí wàrà á fi sọ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ Nọ́wè fún un, ó sọ èyí tó rí: ilẹ̀ pípá.

Lára ògiri, ó kà á: *Olùsọ̀rọ̀ gbà pé ilẹ̀ pípá ló pọ̀ jù níbẹ̀.*

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ilé iṣẹ́ náà mi orí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ravdná ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sẹ́ni tó purọ́ mọ́ ọn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí olùkọ́ mú un dúró sídìí ògiri láti àárọ̀ dọ́sàn-án torí pé ó fi Sámi béèrè omi. Kí wọ́n má baà mú un dúró mọ́, ó kọ́ Nọ́wè débi pé wọ́n fún un ní ẹ̀bùn. Láti ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ló ti ń fi Nọ́wè yẹn yangàn.

Ó gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Sámi.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ragna,” Gunnvor wí. “Mi ò gbọ́. Nọ́wè yín sì dáa ju tèmi lọ.”

“Ravdná ni mò ń jẹ́,” ó wí ní Sámi. Ó fa ìwé ìpè yọ, ó fi ìka sí ìlà kan lójú ewé kejì: olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Gunnvor kà á. Ẹ̀rín rẹ̀ tán.

“A ò mú ògbufọ̀ wá. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ rí.” Ó yíjú sí Synne. “Ìwọ gbọ́ ọ, àbí? Ràn wá lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.”

Ojú Synne pọ́n. Ravdná kò wò ó.

“Èmi kì í ṣe ògbufọ̀.”

“Ṣùgbọ́n o gbọ́ ohun tó ń sọ.”

“Mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe tèmi láti sọ.”

Gunnvor kọjú sí Issát, ẹni tí ìwé ìjọba ń pè ní Isak. “Isak, ìwọ wá ni alága wọn. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká parí rẹ̀. Ọ̀nà ilé mi jìn.”

Issát kò kọ ẹ̀bẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là. “Ó ń sọ pé...”

“Issát,” Ravdná wí ní Sámi, “tó o bá túmọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn délé.”

“Mọ́tò mi ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo mọ̀.”

Àwọn darandaran bú sẹ́rìn-ín. Ẹni mẹ́ta kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Issát wo Gunnvor pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì, ó wá fi Sámi sọ fún un pé bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe sọ ọ́ ló rí. Gunnvor bi ẹni tó tẹ̀ lé e. Sámi ni òun náà fi dáhùn. Ó bi wọ́n títí dé orí ẹni kọkànlá.

“Ẹ kàn kọ nǹkan kan,” ọkùnrin ilé iṣẹ́ náà wí. “Àṣẹ wa á kú lópin oṣù.”

“Mi ò lè kọ ohun tí mi ò gbọ́,” ni Gunnvor fèsì. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ó ní ìpàdé kò parí, ó di oṣù kẹfà.

Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n jáde nílùú.

“Wọ́n á padà wá, wọ́n á mú ògbufọ̀ dání,” Issát wí.

“Kí wọ́n mú un wá. Nígbà yẹn, àwọn abo á ti bímọ, ọmọ á sì ti ń sáré.”

“Inú yín ò dùn ni?” Issát bi í.

Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ń ka àwọn ìpàdé tó ti jókòó sí láti ìgbà èwe rẹ̀: ti odò tí wọ́n dí, ti ibi tí wọ́n ti ń wa bàbà, ti ọ̀nà ọkọ̀ tó gba àárín pápá oko wọn kọjá. Gbogbo ilẹ̀ wọ̀nyẹn ti lọ. Nínú ìpàdé kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n ní kó bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí òun ni Nọ́wè rẹ̀ dáa jù.

“Ṣé ká yà mu kọfí?” Issát béèrè.

“Rárá. Máa wa mọ́tò.”