Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Tẹ̀wé

Ilé ìtẹ̀wé náà wà ní ilẹ̀ Ṣáínà, ṣùgbọ́n òjò Ṣómólú ló ń rọ̀ sórí páànù rẹ̀. Ọnàdípẹ̀, bàbá Àwẹ̀ró, jókòó láàárín àwọn agbẹ́gi ibẹ̀, ó ń fín lẹ́tà sára pákó ìrókò. Bàbá náà ti kú tipẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń wá.

Oríkì ilé wọn ló ń fín. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n dé ìdí nígbà ayé rẹ̀. Láràárọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kì í fún Àwẹ̀ró nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ṣómólú, Àwẹ̀ró á ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí ná." Kò pa á rí.

Ọ̀gá àwọn agbẹ́gi, arúgbó ará Ṣáínà kan tó ń sọ Ìjẹ̀bú ketekete, wo pákó náà, ó pòṣé.

"Ọnàdípẹ̀, ilẹ̀kùn lò ń gbẹ́! Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀wé, òdì ló ń fín lẹ́tà, kó lè tọ́ lára bébà."

"Ojú èèyàn ni mò ń gbẹ́gi fún látilẹ̀," ni bàbá dáhùn. "Bó o bá rí ẹni tó ń fẹ̀yìn wọ ààfin, kó o gbẹ́ tìẹ fún un."

Àwẹ̀ró, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò wọ́n, rẹ́rìn-ín. Pákó náà ṣí bí ilẹ̀kùn, Àwẹ̀ró gba inú rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sínú yanrìn. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, kò sí ilé mọ́. Ràkúnmí kan ló dúró, pákó náà lẹ́yìn rẹ̀, láàárín ẹrù aṣọ ṣẹ́dà.

"Kà mí," ni pákó wí. Ohùn rẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ta epo sí.

"Tí mo bá délé," ni Àwẹ̀ró wí. "Màá tẹ̀ ọ́ sí bébà gidi, màá wá jókòó kà ọ́."

Ní ìlú Samakáńdì, àwọn tó ń ṣe bébà kó tàdáà ìkọ̀wé jáde. Wọ́n kun pákó náà, wọ́n tẹ bébà lé e. Òdì ló gbà. Obìnrin kan gbé e sókè: "Ṣé orí lẹni tó kọ èyí fi ń rìn ni?" Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi bébà náà di iyọ̀. "Bóyá a ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa," ni wọ́n wí, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Bàgídáádì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Káírò. Bílẹ̀ bá ti mọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan á ti gbẹ́ tiwọn lódì, á tọ́, wọ́n á máa yọ̀. Gbogbo ayé ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé lójú ọ̀nà yẹn. Oríkì ilé Ọnàdípẹ̀ nìkan ni wọn ò rí kà, pákó náà sì ń fẹ́lẹ́ sí i.

"Kà mí," ni pákó ń wí ní gbogbo ẹnubodè.

"Tí mo bá délé."

Ẹnubodè Kánò ni wọ́n wọ̀, ẹ̀yìnkùlé Àwẹ̀ró ní Ṣómólú ni wọ́n já sí. Ó sọ pákó kalẹ̀. Ó ti fẹ́lẹ́ bí ewé, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú ò rí lẹ́tà kankan níbẹ̀ mọ́. Ó fi ìka wá wọn, ó kàn ń yọ̀ lọ ni.

"Bàbá," ló wí, "mo ti pa ẹ̀rọ."

Ó wọlé lọ wá bébà.

Kò sí bébà nínú ilé. Ó fi tàdáà tó kù kun pákó náà, ó dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbórí sókè, pákó ti di eruku.

Bàsíà omi kan wà nítòsí. Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀. Lẹ́tà kún ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, gbogbo wọn lódì, omi sì tún òdì náà yí padà, ó gún régé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: "Ọmọ agbẹ́gi-sọ-ahéré-dààfin, ọmọ..."

Ràkúnmí na ọrùn, ó tẹnu bọ omi. Ọ̀nà ti gbẹ ẹ́ lọ́fun. Ó mu ún tán, ó gbójú sókè, ó ń wo ojú Àwẹ̀ró, ètè rẹ̀ ń mì bíi tẹni tó ń kàwé sínú.