Ìbejì Inú Àdéhùn

Ẹni tó gbé fóònù tuntun náà wá sí ilé búrẹ́dì wa ní Agége kí Mọ́mì kú oríire. Mọ́mì jó díẹ̀, wọ́n fún un ní búrẹ́dì gbígbóná, wọ́n sì gbé páálí náà sórí tábìlì kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i. Wọ́n rò pé ẹ̀bùn ni. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Rìbọ́ọ̀nù wà lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Mọ́mì. Catherine ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Tóyìn ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí Olútóyìn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì. Bí mo ṣe ń wá iṣẹ́, mò ń bá wọn gbé búrẹ́dì kiri.

Kò pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi wọlé láti iléeṣẹ́ tẹlifóònù tí wọ́n ń pè ní Àjọsọ: “Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ìgbádùn àdéhùn ọlọ́dún méjì yín. Owó oṣù àkọ́kọ́ ti tó san. Bí ẹ kò bá san án kí ọjọ́ Jímọ̀ tó parí, a ó ti láìnì yín pa. Nítorí yín la ṣe wà.”

“Níyì,” ni Mọ́mì ké sí mi, “àdéhùn wo nìyí? Ta ló bá wọn ṣàdéhùn?”

Láìnì yẹn kì í ṣe láìnì lásán. Nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sára gbogbo ọ̀rá búrẹ́dì wa ní àwọ̀ pupa. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù láti Onígbòǹgbò dé Omole kò mọ ojú Mọ́mì. Nọ́ńbà ni wọ́n mọ̀. Tí wọ́n bá pè é tí kò lọ, nọ́ńbà ara ọ̀rá ẹlòmíràn ni wọ́n máa pè, ó sì tán nìyẹn. Ìdì ọ̀rá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ga jù mí lọ, nọ́ńbà kan náà ló sì wà lára gbogbo rẹ̀.

Bí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ṣe mọ́, a gbé páálí fóònù náà dání, a gba ọ́fíìsì Àjọsọ lọ ní Àgídìngbì. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé “Ilé Ìtẹ́lọ́rùn”. Àwọn èèyàn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n ara ògiri níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí fóònù wọn. Àwọn tó tò sórí ìlà lábẹ́ wọn kò rẹ́rìn-ín rárá. Nígbà tó kàn wá, ọmọbìnrin ìdí káńtà, Hàmdálàt ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀, kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Mummy, ẹ káàárọ̀ mà. Mo rí i lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ kú oríire àdéhùn yín.”

“Jọ̀wọ́, má kí mi kú oríire mọ́,” ni Mọ́mì wí. “Èyí tí wọ́n kí mi lọ́jọ́sí ló gbé mi dé ibí.”

“Ṣé ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́ ni? Ṣùgbọ́n ẹ ti gbà á, mà.”

“Èmi? Níbo?”

“Lórí fóònù, mà. A gba ohùn yín sílẹ̀.” Ó sáré lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró wọ kóòtù jáde, pẹ̀lú báàjì tí wọ́n kọ “Olùfẹ́ Oníbàárà” sí. Ó ní kò sí ohun tí àwọn ń fi pa mọ́, ó sì tan ohùn náà sókè kí gbogbo ọ́fíìsì lè gbọ́ òótọ́.

A gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà, ohùn ọmọkùnrin kan tó dùn bí oyin.

“Mummy, ẹ káàárọ̀ mà. Reuben lorúkọ mi, láti Àjọsọ. Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ báyìí o, mà.”

“Dìde, ọmọ mi. Ìdí iṣẹ́ ni mo wà.”

“Mi ò ní dà yín láàmú, mà. Iṣẹ́ ọwọ́ yín á máa gbòòrò sí i.”

“Àmín!”

“Ìròyìn ayọ̀ ni ẹ ó máa gbọ́.”

“Àmín!”

“Fóònù tuntun á wọlé tọ̀ yín wá lọ́sẹ̀ yìí.”

“Àmín o!”

“Dátà ò ní wọ́n yín.”

“Àmín!”

“Ẹ̀yin àti Àjọsọ lẹ jọ máa wà fún odidi ọdún méjì, ẹ ò ní já wa jù sílẹ̀ lọ́nà.”

“Àmín, lágbára Ọlọ́run!”

“Ohun tó bá yẹ kó jáde lápò yín lóṣooṣù, á máa jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.”

“Àmín!”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí ìlà. Mọ́mì ti fọwọ́ bo ẹnu.

“Mummy,” ni Reuben wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, “kí lẹ fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe fún yín lọ́dún yìí gan-an?”

Ariwo ẹ̀rọ dákẹ́. Wọ́n ti pa á. “Tóyìn ọmọ mi ni,” ni ohùn Mọ́mì wí. “Ó ti pẹ́ nílé ọkọ. Kò tíì bí.”

“Kí ọdún yìí tó parí, Tóyìn á bí! Kò ní bí ẹyọ kan, mà. Ìbejì ni!”

Àmín tó tẹ̀lé ìyẹn pọ̀ ju agbára ẹ̀rọ ọ́fíìsì náà lọ. Ó kàn hó ni.

“Ẹ ṣeun mà. Àdéhùn yín ti wọlé.”

“Àmín,” ni Mọ́mì wí fún ìyẹn náà.

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró pa á. “Àmín mẹ́jọ. Kò wọ́pọ̀ kí oníbàárà gbà tó báyìí.”

“Òfin ní kí ẹni tó ń tajà dárúkọ iye rẹ̀ kedere,” ni mo wí, “kó sì béèrè bóyá ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ gbà. Níbo ni Reuben ti dárúkọ iye?”

“Ó ní á máa jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.”

“Èló ló máa jáde?”

“Ìyẹn wà lórí wẹ́búsáìtì.” Ó yíjú sí mi dáadáa. “Àbúrò, kí ni Àmín túmọ̀ sí? Kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní kó rí bẹ́ẹ̀, ṣé kò gbà ni?”

Nǹkan kan ń yún mi létí láti ìgbà tí ohùn yẹn ti parí. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tó jẹ́.

“Sà, ṣé gbogbo Àmín mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ kà sí ìfọwọ́sí? Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ àdúrà lásán níbẹ̀?”

“Rárá o. Reuben ń ṣojú iléeṣẹ́ ni. Ohunkóhun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, iléeṣẹ́ ló sọ ọ́.”

“Ẹ ṣeun, sà. Ìgbà wo wá ni iléeṣẹ́ máa gbé ìbejì wá?”

Bàbá kan tó dúró lẹ́yìn wa, mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Àrẹ̀mú, ló kọ́kọ́ pariwo.

“Ìbéèrè gidi! Èmi náà ńkọ́? Mẹ́kà ni wọ́n ní màá lọ. Mo ṣe Àmín tèmi dáadáa. Bàálù dà?”

“Èmi, wọ́n ní ilé mi á parí!” ni ìyá kan wí. “Ẹ bá mi gbé páànù wá!”

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin èèyàn wa,” ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró ń bẹ̀, “ìbejì kò sí lábẹ́ ẹ̀ka tiwa.”

“Ẹ̀ka wo ló wà?” ni mo bi í.

“Àdúrà ni ìyẹn!”

“Ó ti di àdúrà báyìí? Kí ló wá sọ èyí tó ṣáájú rẹ̀ di àdéhùn?”

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró kó wa wọ yàrá onígíláàsì tó jẹ́ tirẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ ìwé ìfagilé jáde kíákíá. Mo ti ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Mọ́mì wọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n sì kà á jáde: “Èmi oníbàárà jẹ́wọ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìpè náà, àti gbogbo ìdáhùn tí mo fún un, ti di òfo, wọn kò sì ní agbára kankan mọ́.”

Mọ́mì fi bírò tí ọ̀gá náà nà sí wọn lélẹ̀.

“Gbogbo ìdáhùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Títí kan ti Tóyìn?”

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró wò mí. Mo wo ilẹ̀.

“Mi ò fọwọ́ sí i,” ni Mọ́mì wí.

“Mọ́mì! Láìnì yín ń kú lọ lọ́la!”

“Kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé Àmín tí mo ṣe lórí ọmọ mi ti di òfo? Èmi Catherine?”

“Ẹ̀tàn ni Reuben ń ṣe. Ọjà ló ń tà.”

“Mo mọ̀. Ṣé Reuben ni mò ń dá lóhùn nígbà yẹn?” Wọ́n bọ́ gíláàsì. “Kí wọ́n ti láìnì náà pa. Màá máa fi orí ru búrẹ́dì kiri.”

Mo rántí ìdì ọ̀rá tó ga jù mí lọ. Mo bẹ ọ̀gá náà kó fi “àyàfi ìbejì” kún ìwé náà.

“Kò ṣeé ṣe,” ni ó wí, ó sì ń nu iwájú orí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. “Tí mo bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò tí mo fi ìbejì sílẹ̀, ìbejì nìkan ló kù nínú àdéhùn. Ọmọ yìí á tún padà wá bi mí ìgbà tí wọ́n máa dé.”

Òótọ́ ló sọ. Mo ti ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Mọ́mì yíjú sí ọ̀gá náà, wọ́n ní, “Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ gba àdúrà náà ní tuntun. Tí tuntun bá ti wà nílẹ̀, mo lè jẹ́ kí ti tẹlifóònù lọ.”

“Èmi, mà?”

“Ṣé kì í ṣe Olùfẹ́ Oníbàárà lẹ kọ sáyà?”

Ó wo ìta. Àrẹ̀mú àti gbogbo ìlà ti lẹ imú mọ́ gíláàsì. Hàmdálàt rọra ṣílẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró fọwọ́ tún táì rẹ̀ ṣe.

“Ní orúkọ iléeṣẹ́ Àjọsọ...”

“Iléeṣẹ́ kọ́.”

“Ní orúkọ Jésù, Olútóyìn á bí ìbejì kí ọdún yìí tó parí, níbàámu pẹ̀lú ìlànà àti...”

“Kò sí ìlànà níbẹ̀.”

“...láìsí ìlànà kankan.” Ó parí, ó ń retí.

“Àmín,” ni Hàmdálàt wí lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

Mọ́mì ò la ẹnu. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n tẹjú mọ́ ọ̀gá náà bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ àpò ìyẹ̀fun wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀.

“Èló ni?” ni wọ́n bi í.

“Mà?”

“Àdúrà tí ẹ gbà yìí. Èló ni lóṣù?”

“Ọ̀fẹ́ ni, Mọ́mì.”

“Ọdún mélòó ni mo máa fi wà lọ́dọ̀ yín nítorí rẹ̀?”

“Kò lọ́dún kankan, mà.”

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ sì lu òǹtẹ̀ sí i.”

Ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀. Wọ́n ní kí n kà á sókè, mo kà á. Ìgbà yẹn ni Mọ́mì tó ṣe Àmín, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìfagilé, wọ́n ti páálí fóònù náà sọ́dọ̀ ọ̀gá náà tòun ti rìbọ́ọ̀nù rẹ̀, a sì jáde gba àárín àwọn tó ń tì wọlé kọjá.

A kò tíì dé títì tí láìnì wọn fi dún. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Omole ló ń béèrè búrẹ́dì. Kí wọ́n tó kí i pàápàá, iye rẹ̀ ni Mọ́mì kọ́kọ́ sọ fún un.