Máàsì Lójú Ẹni Tó Ń Kọjá Lọ

Alàgbà Akínladé, alága àfihàn iṣẹ́ àwọn ọmọ ìjọ, fi ìka lé ibi tí ìlà pupa ti ṣẹ́rí padà lórí káádíbọ́ọ̀dù Ṣìkẹ́mi. Ìrìn pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì láàárín àwọn ìràwọ̀ ni ọmọbìnrin náà yà.

"Pa ibí yìí rẹ́ kí ọjọ́ Àìkú tó dé. Ohun tí Ọlọ́run rán síwájú kì í padà sẹ́yìn. Bí o kò bá pa á rẹ́, kò ní wọ gbọ̀ngàn."

"A'a, Bàbá. Ohun tí mo rí ni mo yà."

"Yorùbá ni mo sọ, Hausa lo fi ń takò mí."

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni Ṣìkẹ́mi ti ń ṣọ́ Máàsì láti bárándà ilé wọn ní alaalẹ́. Ó rí i tó lọ síwájú, tó dúró, tó sì ṣẹ́rí padà. Kò ní pa á rẹ́.

Ní ọ̀sán Sátidé, alàgbà fẹ́ lọ ra aṣọ tábìlì ní ọjà Fagge. Ṣìkẹ́mi ní òun yóò bá a gbé ẹrù. Ó mú alàgbà jókòó sí apá ọ̀tún nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn Hausa ń pè ní adaidaita sahu. Ní Ibo Road, tirela kan ń wọ́ lọ níwájú wọn. Ṣìkẹ́mi fi Hausa bẹ awakọ̀ kẹ̀kẹ́ wọn pé kó rọra kọjá lára rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń kọjá, ara tirela gba gbogbo ibi tí alàgbà ń wò. Ó di irin kẹ̀kẹ́ mú.

"Awakọ̀, dúró! Tirela yìí ń fi ẹ̀yìn rìn."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo táyà rẹ̀, Bàbá," ni Ṣìkẹ́mi wí.

Iwájú ni táyà náà ń yí sí.

"Ayé àti Máàsì jọ ń yí oòrùn ká ni, Bàbá. Ayé ló yára jù. Tí a bá ń kọjá lára Máàsì, a ó rí i bíi pé ó ń padà, bẹ́ẹ̀ iwájú náà ló ń lọ."

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Fagge, alàgbà yíjú sí i.

"Ìdí nìyí tí o fi mú mi jókòó síbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Orí kunkun rẹ pọ̀. Má pa á rẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀, torí n kò lè kó gbogbo ìjọ sínú kẹ̀kẹ́."

Kí alàgbà tó tú aṣọ àkọ́kọ́ wò, Ṣìkẹ́mi ti tọrọ báírò lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, ó sì ti ń kọ àlàyé náà sẹ́yìn páálí kan.