Omi Lẹ́nu Ògbufọ̀

Ẹnu Raymond kì í dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró, ọkàn rẹ̀ gan-an ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi. Òun ni ògbufọ̀ kòmáńdà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso ìlú Atakpamé, láyé ìgbà tí wọ́n ń la ojú irin lọ sí Blita. Bí àgbẹ̀ kan bá lanu, kó tó kí kòmáńdà tán, Raymond á ti parí ọ̀rọ̀ fún un lédè Faransé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọjọ́ kan ni irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ máa gbé e jù sí kòtò. Àmọ́ ẹlòmíràn ló kó sí kòtò náà.

Wọ́n mú Olúgbódi, àgbẹ̀ arúgbó kan láti Akparé, wá pé kò wá síbi iṣẹ́ ọ̀nà tí ìjọba ń fi tipá kó èèyàn ṣe. Baba ní, "Mi ò lọ," ó sì dákẹ́ díẹ̀ láti tún ọ̀fun ṣe, bí àgbà ṣe ń ṣe. Raymond ò dúró. Ó ní baba kọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ẹ̀yìn ìyẹn ni Raymond gbọ́ lọ́jà pé ìyàwó baba ló ń kú lọ lórí ẹní lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, pé ó kú nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, wọ́n sì ti sin ín. Ojú tì í, ẹ̀rù sì ń bà á: ta ni ẹnu òun yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún?

Ó sá tọ ìyá rẹ̀, Ọ̀ṣuntókí, lọ. Láràárọ̀, kí ìyá yìí tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á bu omi tútù sẹ́nu, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọ́ bí èémí ṣe ń wọlé tó ń jáde nímú rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó tu omi náà dànù.

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?" Raymond béèrè.

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ahọ́n rẹ̀ ló máa jó. Èrò tó bá wá, jẹ́ kó kọjá. Má bá a lọ."

Lọ́jọ́ kìíní, ó gbé omi mì kó tó jókòó dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ikọ́ gbé e, omi gba imú jáde, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n ṣáá. Ó ń ro bàtà, ó ń ro ìwé ọ́fíìsì, ó ń ro adìẹ tó ń họ ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá sì rọlẹ̀, Olúgbódi ni yóò wá jókòó sí i lọ́kàn. Ìyẹn ló burú jù. Ó fẹ́ dìde sá lọ. Síbẹ̀ ó padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, àti lọ́jọ́ kẹrin. Nígbà tó yá, ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀ bó ṣe ń gun òkè lọ síbi iṣẹ́ àti bó ṣe ń jẹun.

Lóṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún mú Olúgbódi wá lórí ẹ̀sùn kan náà. Bí ọ̀rọ̀ bá tún wọ́, ẹ̀wọ̀n ni yóò wà lásìkò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbin iṣu.

"Mi ò lọ," ni baba wí, ó sì dákẹ́.

Kòmáńdà ń fi kálámù gbá tábìlì. Ahọ́n ń yún Raymond. Ó gbọ́ èémí rẹ̀ tó wọlé, tó jáde.

"Kí ló wí?"

"Kò tíì parí ọ̀rọ̀, ọ̀gá."

"Mi ò lọ, mi ò sì ní í lọ mọ́," baba ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Níjọ́sí, ìyàwó mi ń kú lọ. Ọkùnrin tó dúró yìí ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Wọ́n sin ín, mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n wo ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ fi dẹ́rù bà mí?"

Kòmáńdà ò gbọ́ Ifẹ̀, èdè tí baba ń sọ, rárá. Raymond lè yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ní í bọ́. Ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹyọ kan pamọ́.

"Ọkùnrin wo?"

"Èmi ni."

Kòmáńdà gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní kí baba máa lọ sílé, kí Raymond dúró.

"Kí lo sọ fún un?" Olúgbódi béèrè.

"Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni, baba, àti tèmi náà. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí, nítorí ìyàwó yín…"

Olúgbódi ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Ìbíọlá lorúkọ rẹ̀," ló wí. "O ò bi mí rí."