Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Ka Ènìyàn

"Ọmọ náà ni wọ́n ní…"

"Ọmọ ta?"

"Ọmọ aránṣọ. Èyí tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ní ìwé kan ló ń kà, àfi bó ṣe…"

"Àfi bó ṣe kí ni?"

"N kò sí níbẹ̀ o. Wọ́n ní ìlú tó wà nínú ìwé yẹn ló wọ̀ lọ. Wọ́n ní àǹtí tó wà níbí yìí ló sọ fún un pé, máa lọ, ibodè ṣí sílẹ̀…"

Àwọn obìnrin méjèèjì rí i pé fèrèsé ilé-ìkàwé ṣí sílẹ̀. Wọ́n panu mọ́, wọ́n sì kọjá. Nínú ilé, Àǹtí Jẹ́jẹ́ dúró sẹ́yìn fèrèsé náà, àkísà tó fi ń nu eruku ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tó ọdún méje tó ti ń tọ́jú ìwé níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú títì rí. Káfíńtà tó máa ń wá tún pẹpẹ ìwé ṣe ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn.

Káfíńtà gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ ní méjì, mẹ́fà ni wọ́n máa sọ ọ́ dà kó tó dé orígun títì. Ìwé wo tiẹ̀ ni?"

Àǹtí Jẹ́jẹ́ nawọ́ sí ìwé náà.

"Háà. Ìyẹn? Èmi náà kà á."

Ta ni kò tíì kà á? Ìlú kan ló wà nínú rẹ̀, tí òkè àti kùrukùru yí ká. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í jáde mọ́. Nǹkan kan tí kò lórúkọ máa ń rìn kiri lẹ́yìn odi, á máa kan ilẹ̀kùn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, nítorí náà adènà á dúró lẹ́nu ibodè, á pe gbogbo ará ìlú lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó ti ilẹ̀kùn.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní àṣà kan. Bí ènìyàn bá dá ìwé padà, á bi í pé kí ló rí níbẹ̀. Ohun tó bá sọ, gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ni yóò kọ sórí káàdì ìwé náà. Kì í fi kún un, kì í yọ níbẹ̀, kì í sì í fèsì. Lórí káàdì ìwé yìí, káfíńtà ti sọ pé: "Kò sí fóònù níbẹ̀. Oníbàárà ò lè pè mí." Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ pé: "Iwin ibẹ̀ tiẹ̀ ń kanlẹ̀kùn. Àwọn àna mi kì í kàn án."

Ìlà tó kẹ́yìn ni ti ọmọ aránṣọ. Láti àárọ̀ tí Àǹtí Jẹ́jẹ́ ti gbọ́ ìròyìn náà ni káàdì yẹn ti wà nínú àpò aṣọ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Aránṣọ ló wọlé, tépù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, fọ́nrán òwú sì lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Àǹtí, ìwé yẹn dà? Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ó gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó ń wá ojú rírán lára aṣọ. "Èyí ló gbé ọmọ mi lọ?"

"Ìwé kì í gbé ènìyàn, mà."

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ló gbé e. Bó bá jẹ́ òun, kò kan ẹnikẹ́ni nínú ilé mi." Ó nàka sí fèrèsé. "Wọ́n ti ń gun òkè ẹ̀yìn ìlú lọ. Wọ́n ní ó jọ ti inú ìwé, wọ́n ní kùrukùru tó bò ó lónìí kì í ṣe ojú lásán. Ìwọ lo máa wá fọ̀nà hàn wá, ṣebí ìwọ lo ní kó máa lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra," ni káfíńtà wí. "Ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn?"

"Àná." Ó di tépù ọrùn rẹ̀ mú. "Rárá, àná ṣọ́ọ̀bù kún. Mo rò pé ó wà lọ́dọ̀ àbúrò mi. Àbúrò mi rò pé ó wà lọ́dọ̀ mi. Àwa mọ́kànlá la wà nínú ilé yẹn, ta ló ń ka orí? Aṣọ mẹ́tàlélógún ló wà lọ́wọ́ mi, mo mọ iye bọ́tìnnì tó kù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn…"

Ó ti gbọ́ ohun tó tẹnu ara rẹ̀ jáde.

"Ọjọ́ Àìkú," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ó ń fọ abọ́."

Ọjọ́bọ̀ ni òní.

Láti ojú fèrèsé, wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń gun òkè. Wọ́n ń pe ọmọ náà lórúkọ, kùrukùru sì ń gbé ohùn wọn mì níkọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ náà wá dá ìwé padà. Ilé-ìwé wà ní ìsinmi, síbẹ̀ ó gbé báàgì ilé-ìwé kọ́ ẹ̀yìn, báàgì náà sì wú. Àǹtí Jẹ́jẹ́ rí i. Ó bi í léèrè bó ṣe máa ń bi gbogbo ènìyàn, ó sì kọ ohun tó sọ. Ọmọ náà dúró díẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń retí nǹkan. Àǹtí Jẹ́jẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí káàdì kí yíǹkì lè gbẹ.

"Ọlọ́pàá ní ká wá ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn," ni aránṣọ wí. "Ṣé ìwọ ni?"

"Òun ló bá mi sọ̀rọ̀, mà. Èmi ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi." Ó fa káàdì náà yọ nínú àpò. "Kò sí lórí òkè. Báàgì tó kún ló gbé kọ́ ẹ̀yìn, ibùdókọ̀ ló yẹ ká gbà lọ, èmi náà ń bá yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jókòó."

"Kí ló sọ? Má fi kún un o."

"N kò ní fi kún un."

Ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete, káfíńtà kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí:

"'Ìlú burúkú ni. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá dín, wọ́n máa ń mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí àwọn ará ilé wa máa fi mọ̀.'"