Omi Tí Ayọ̀tọ́lá Dà Nù

“Àwọn sẹ́ẹ̀lì tèmi ò jí, sà,” Ayọ̀tọ́lá wí, ó gbójú kúrò lára maikirosíkóòpù.

Dókítà Ládòkun, ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò wọn ní Ṣakí, mi orí. “Kò burú. Ká wo ti Sodiqat ná. Ẹni tí tiẹ̀ bá jí ni n ó mú lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Ìbàdàn.”

Ara ta Ayọ̀tọ́lá. Òun ló kọ́ Sodiqat bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ lápá èèyàn. Nígbà tí ọmọ náà kọ́kọ́ ti Àgọ́-Àmọ́dù dé, kò tilẹ̀ mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Ní báyìí, ẹnu rẹ̀ ni ọ̀gá ń wò. Ẹ wò ó, àgbà ń jowú ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́! Owú ń jẹ ẹ́, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀.

Inú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn sẹ́ẹ̀lì T wà, ọmọ ogun tó ń sùn títí àrùn yóò fi dé. Bí áńtíbọdì, èròjà kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, bá di àwọn ohun tó yọ síta lára wọn mú, wọn a rò pé ogun ti dé, wọn a jí, wọn a wú, wọn a máa pọ̀ sí i. Ayọ̀tọ́lá kàn da áńtíbọdì tirẹ̀ lé sẹ́ẹ̀lì lórí ni. Sodiqat ní tirẹ̀ bu omi áńtíbọdì nìkan sínú àwo, ó gbé e sínú fíríìjì, ó ní ó di ọjọ́ kejì kí òun tó fi sẹ́ẹ̀lì sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ayọ̀tọ́lá ló kọ́kọ́ dé. Ó ṣí fíríìjì, ó da omi inú àwo náà nù pátá.

Kò pẹ́ tí Sodiqat fi wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó rí àwo. “Ẹ̀yin lẹ bá mi dà á nù, Àǹtí? Ẹ ṣé gan-an! Mo rò pé mo ti pẹ́.”

“Kò... kò bàjẹ́?”

“Rárá o. Áńtíbọdì ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àwo láti àná, ìyókù la máa ń dà nù. Bí kò bá dúró ṣinṣin síbì kan, kò ní lè di sẹ́ẹ̀lì náà mú débi tí á fi jí.”

Ọmọ aláṣọ òkè Ìsẹ́yìn ni Ayọ̀tọ́lá. Ó mọ̀ pé òwú tí a kò so mọ́ òkúta tó ń fà á kò ṣeé hun.

Sodiqat da sẹ́ẹ̀lì sínú àwo náà. Lọ́jọ́ kẹta, Dókítà Ládòkun bẹ̀rẹ̀ wo maikirosíkóòpù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ti wú, wọ́n ti ṣù jọ. “Sodiqat, o kú iṣẹ́!”

“Èmi àti Àǹtí ni, sà. Àwọn ló bá mi da omi rẹ̀ nù kí n tó dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àwa méjèèjì lọ.”

Ojú ti Ayọ̀tọ́lá, síbẹ̀ owú náà kò lọ. Inú tún bí i pé ọmọ yìí tún lọ́kàn rere ju òun lọ.

“Mi ò bá a ṣe é, sà,” ó wí. “Mo fẹ́ bà á jẹ́ ni. Òun ni kẹ́ ẹ mú lọ.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Sodiqat. Ó rọra fa àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.