Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Púpurú

Ẹ má bá mi sọ ọ́ pé nọ́ńbà kì í purọ́. Èèyàn ló ń kọ nọ́ńbà, èèyàn sì ń purọ́. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí wà lára wọn.

Ìbídùnní ni orúkọ mi. Ọsibítù aládàáni kan l'Ákùúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń sọ ohun tí aláìsàn yóò jẹ fún un, àti ìwọ̀n tí yóò jẹ. Ṣùgbọ́n ayé ti di ayé fóònù. Àwọn aláìsàn wa kò fẹ́ gbọ́ tẹnu mi mọ́, áàpù ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Wọ́n á tẹ orúkọ oúnjẹ sínú rẹ̀, yóò sọ iye kálórì tó wà níbẹ̀ fún wọn, wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Dókítà Akínwùmí, ọ̀gá wa, ju ìwé kan sórí tábìlì mi.

"Màmá kan láti Oǹdó ni," ó ní. "Àtọ̀gbẹ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi áàpù ṣírò oúnjẹ wọn, wọn kì í sì í jẹ kọjá bó ṣe yẹ. Síbẹ̀ ṣúgà ara wọn ń gòkè, egbò ẹsẹ̀ wọn kò san. Bí kò bá lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ó gé ẹsẹ̀ náà. Bá mi wò ó bóyá áàpù yìí ló ń purọ́."

Inú mi dùn. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ọjọ́ tí ọwọ́ mi yóò tẹ áàpù yẹn. Mo gbé òṣùwọ̀n mi jáde, mo ń yẹ oúnjẹ màmá náà wò níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wà, ó tọ̀nà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó fi díẹ̀ yàtọ̀, kò burú. Mo wá kan púpurú, tí màmá náà ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Áàpù ní kálórì mẹ́rìnléláàádọ́rin ló wà nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù rẹ̀.

Mo mọ nọ́ńbà yẹn. Mo tẹ ibi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó wọn oúnjẹ sí. Orúkọ méjì ló jáde: Akíndélé Olúwatúnmiṣe àti Fáladé Ìbídùnní. Mo yí ìwé màmá náà padà, mo wo orúkọ wọn. Akíndélé.

Ọ̀rẹ́ mi ni Túnmiṣe. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, àwa méjèèjì la jọ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wa nílé ẹ̀kọ́ gíga: kí a mọ iye kálórì tó wà nínú oúnjẹ ìpínlẹ̀ wa. Ó ku púpurú nìkan, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n yan gbẹ lórí èéfín, tí a máa ń rò jẹ. Túnmiṣe ní ti Oǹdó lòun fẹ́, lọ́wọ́ ẹni tí ìyá òun ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó ra èyíkéyìí l'Ákùúrẹ́, kó yé yọ èèyàn lẹ́nu. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ. Nígbà tó ń padà bọ̀, bọ́ọ̀sì náà kọlu ọkọ̀ agbégi. Wọ́n ní púpurú fọ́n ká ojú títì, ó funfun láàárín ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, olùkọ́ wa béèrè iṣẹ́ náà. Mi ò lè fọwọ́ kan púpurú. Mo jókòó, mo kọ mẹ́rìnléláàádọ́rin, nítorí pé ó jọ òótọ́. Orúkọ Túnmiṣe ni mo fi ṣáájú. Mo ń sọ fún gbogbo èèyàn pé mo fi bọlá fún un ni. Irọ́ ni. Mo fi orúkọ òkú bo irọ́ mi mọ́lẹ̀ ni, nítorí ta ni yóò lọ bi òkú léèrè? Olùkọ́ wa gbé e sínú ìwé ìwádìí kan, ibẹ̀ ni áàpù ti rí i kó.

Láti ìgbà náà, bí mo bá rí nọ́ńbà yẹn lára pátákó orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń dìde jáde. Bí mo bá sì ń wọn oúnjẹ, nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ èémí ẹnìkan lẹ́yìn ọrùn mi, ẹni tó ń dúró kí n ka ohun tí mo rí. Mi ò bojú wẹ̀yìn rí. Ẹ̀rù ń bà mí.

Lọ́jọ́ kejì mo jó púpurú nínú ẹ̀rọ tí a fi ń mọ kálórì, ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Àádọ́jọ ó dín méjì ni. Ìlọ́po méjì ohun tí ìyá Túnmiṣe rò pé àwọn ń jẹ ni wọ́n ń jẹ, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ìyá Túnmiṣe ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé, òṣùwọ̀n kékeré kan wà lábẹ́ abọ́ wọn, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ìbídùnní ọmọ mi! O rántí mi lónìí?" Wọn ò jẹ́ kí n dáhùn. Wọ́n ti na fóònù sí mi. "Wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni mo rí i. Mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Ìyá Túnmiṣe mọ́ nílùú yìí, wọ́n ń bẹ̀rù ẹkún mi. Tísà ni gbogbo wọn ń pè mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ jẹun, ọmọ mi á sọ ìwọ̀n tí n óò jẹ fún mi. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń jẹ púpurú ju ohun gbogbo lọ. Mo máa ń dá a lóhùn nígbà mìíràn."

Báńdéèjì wé ẹsẹ̀ òsì wọn, mo sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí. Ó wù mí kí n sọ pé àwọn aláàpù ti tún nọ́ńbà náà ṣe, kí Màámi kàn yí i padà. Wọn ì bá gbà. Ṣùgbọ́n Túnmiṣe ni ì bá di ẹni tó ṣàṣìṣe, ọmọ tó fẹ́ẹ̀ sọ ìyá rẹ̀ di ẹlẹ́sẹ̀ kan. Mo gbọ́ èémí náà lẹ́yìn ọrùn mi.

"Màámi, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́," mo ní. "Èmi ni mo kọ nọ́ńbà yẹn. Mo kàn fi ọkàn rò ó ni. Túnmiṣe kò wọn púpurú kankan. Ó ti kú kí n tó kọ ọ́."

Ọwọ́ wọn dúró lórí abọ́. Wọn ò pariwo, wọn ò gbá mi létí. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi. Wọ́n ń wo fóònù títí iná ojú rẹ̀ fi kú, lẹ́yìn náà wọ́n fọ ọwọ́ wọn.

"Ìyẹn ni pé kò sí níbí," wọ́n ní.

"Kò sí níbẹ̀, mà."

"Níbo ló wá wà?"

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi sàréè ọmọ han ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a sin Túnmiṣe, àwọn àgbà ti ìyá rẹ̀ mọ́ yàrá, àwa ọ̀dọ́ la wa erùpẹ̀ lé e lórí. Kò sí ẹni tó sọ ibẹ̀ fún wọn, wọn ò sì béèrè rí.

"O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà," wọ́n ní. "Mú mi lọ."

"Màámi, èèwọ̀ ni."

"Mo mọ èèwọ̀ kí wọ́n tó bí ọ. Èyí tí mo ní lo gbà lọ́wọ́ mi yìí, Ìbídùnní. Mú mi lọ síbi èyí tó kù."

Mo wo ẹnu ọ̀nà bóyá àgbàlagbà kan á wọlé wá dá wọn dúró. Kò sí ẹni tó wọlé. Mo mú bàtà wọn, mo rọra ki ẹsẹ̀ tí báńdéèjì wé bọ̀ ọ́.

Nígbà tí a dé ìta, wọ́n bi mí bóyá a ó gun ọ̀kadà. Mo ní rárá, mà, kò jìnnà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níwájú yẹn ni. Láti ọdún mẹ́jọ wá, ibẹ̀ ni ìyá Túnmiṣe ń gbà kọjá lọ sọ́jà.